Pọ́díkáàsì Láti Ọ̀tà: Ta Ni Yóò Jẹ́rìí Rẹ̀?

Ní Sango-Ọ̀tà lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù àti dátà, tó sì rí wákàtí kan tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò dákẹ́, lè dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀. Kò nílò ìwé àṣẹ ìjọba, kò nílò òpó rédíò, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò kí ọ̀gá kankan fọwọ́ sí i. Yóò gba ohùn sílẹ̀, yóò gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó wà ní Ìdírókò àti ẹni tó wà ní Peckham nílùú London yóò sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà. Pọ́díkáàsì nìyẹn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ lè ti wà fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí àwọn tó ń gbọ́ ọ déédéé má sì ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ tú palẹ̀ ni pé: ṣé ó yẹ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní àyọkà tirẹ̀ nínú Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ kékeré lèyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ohun tó wà nínú Wikipedia ni Google sábà máa ń gbé síwájú ẹni tó ń wá ìmọ̀, òun náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń fèsì bí ènìyàn. Ẹni tó bá wá Ọ̀tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò tètè bá Canaanland pàdé, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìjọsìn tó gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ènìyàn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999. Yóò bá Covenant University tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002 pàdé, yóò sì bá oko Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pàdé. Ó ṣeé ṣe kó má rí ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ń bá ara wọn sọ nígbà tí wọ́n bá parí iṣẹ́ òru, tàbí nípa ìtàn tí àwọn àgbà Àwórì ń pa nínú agboolé wọn. Bí pọ́díkáàsì kan bá ń kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, a jẹ́ pé ohun tí ayé yóò rántí nípa ìlú náà ni à ń jíròrò lé lórí.

Ohun tí ìlànà sọ

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2001 ni Jimmy Wales àti Larry Sanger dá Wikipedia sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé sínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi nílò ìlànà lórí ohun tó lè wọlé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí àwọn ìwé tàbí ìròyìn tó ṣeé gbára lé, tí kò sì bá ohun tí à ń sọ tan rárá, ti kọ nípa rẹ̀ ní kíkún. Nǹkan mẹ́ta ni ìlànà yìí ń béèrè. Èkíní ni ìkúnná: bí wọ́n bá kàn dárúkọ ètò náà láàárín mẹ́wàá mìíràn, kò tíì tó. Èkejì ni pé kí ó ti ibi tí olóòtú wà jáde, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó dé etí aráyé. Ẹ̀kẹta ni òmìnira: kí ẹni tó kọ ọ́ má jẹ́ onítọ̀hún fúnra rẹ̀, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí ẹni tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà fún ohun tó jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì: kí ó ti gba ẹ̀bùn tí gbogbo ènìyàn mọ iyì rẹ̀. Serial, pọ́díkáàsì tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2014, gba ẹ̀bùn Peabody ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó lè bá irú rẹ̀ jiyàn. Ní ilé níbí, I Said What I Said, tí Feyikemi Abudu àti Jola Ayeye ń ṣe, ti di ohun tí àwọn oníwèé ìròyìn ń kọ nípa rẹ̀. Irú ìwọ̀nyí kò ní wàhálà. Ètò tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá ṣe nínú yàrá rẹ̀ ní Sango ló ní wàhálà.

Ó yẹ kí á kíyè sí ohun tí kò sí nínú ìlànà náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Iye ènìyàn tó ń gbọ́ ètò kò sí níbẹ̀. Iye ìgbà tó ti jáde kò sí níbẹ̀. Dídára rẹ̀ pàápàá kò sí níbẹ̀. Ètò lè dùn bí oyin kó má ní ẹ̀rí kankan. Òmíràn lè máà dára púpọ̀, kí ìwé ìròyìn mẹ́ta sì ti tú u wò fínnífínní. Ohun tí olùdásílẹ̀ sọ nípa ara rẹ̀ lórí Instagram, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi tí òun nìkan ti ń sọ̀rọ̀, àti ìkéde tó fi ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn, gbogbo rẹ̀ ló já sí ẹnu ẹnì kan náà. Àwọn bàbá wa ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìlànà Wikipedia kò jìnnà sí èyí.

Bí ẹnì kan bá kọ àyọkà tí kò fi ìdí kankan hàn tí ètò náà fi ṣe pàtàkì, alámòójútó lè pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí iyàn bá wà nínú rẹ̀, wọ́n á gbé e síwájú gbogbo àwọn tó ń kọ̀wé, wọ́n á sì fi ọjọ́ méje jíròrò rẹ̀. Wọn kì í ka ìbò. Agbára ẹ̀rí ni wọ́n ń wò. Ó lè dúró, ó lè pa rẹ́, wọ́n sì lè kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ àyọkà mìíràn. Èyí tó bá ṣì jẹ́ àkọsílẹ̀ tí a kò tíì parí (draft), tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún oṣù mẹ́fà, ó lè di píparẹ́ láìsí ìjíròrò.

Ìdí tí àwọn kan fi le

Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀dájú. Wọ́n ti rí ohun tó pọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2015, Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun ti ti àkáǹtì 381 pa. Orúkọ tí wọ́n fún ọ̀ràn náà ni Orangemoody. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ máa ń wá àwọn oníṣòwò kéékèèké àti olórin tí àyọkà wọn kò rí ọ̀nà wọlé, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ wọn láti gbé e jáde, wọ́n á tún máa béèrè owó kí àyọkà náà má bàa pa rẹ́. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 2014, ni Wikimedia Foundation, àjọ tó ń bójú tó Wikipedia, ti fi í sínú òfin ìlò rẹ̀ pé ẹni tó bá ń gbowó kọ̀wé gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó gbéṣẹ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ọ̀tà gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú tó kún fún iléeṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti ilé ìjọsìn ni ìlú tó kún fún ẹni tó fẹ́ kí orúkọ òun hàn. Ẹni tó bá ń gba pọ́díkáàsì sílẹ̀ láti fi tajà, yóò fẹ́ kí Wikipedia bá òun tà á. Bí a bá ṣílẹ̀kùn fún un nítorí pé ọmọ ìlú wa ni, kí la ó sọ fún ẹgbẹ̀rún mìíràn tó tò sẹ́yìn rẹ̀?

Ìdí mìíràn tún wà tó dá lórí àánú. Ẹni tó ń ṣe ètò náà wà láàyè. Àyọkà tí kò ní orísun tó dára, tí ènìyàn méjì péré ń bẹ̀ wò lọ́dún, kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ọ̀tá lè wọlé lóru kó kọ ẹ̀sùn èké síbẹ̀, kí ó wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Àyọkà tí kò ní ẹ̀rí lè di ìdẹkùn fún ẹni tó rò pé òun ń fi gbé ara òun ga.

Ìdí tí àwọn kan fi fẹ́ kó rọ̀

Síbẹ̀, àwọn tó ń bèèrè ìyọ́nú ní ẹjọ́ tó lágbára. Wikipedia kì í ṣe ìwé tí a ń tẹ̀ tí à ń dì, ojú ewé rẹ̀ kì í tán. Àwọn tó ń dájọ́ náà sì lè ṣàṣìṣe ńlá. Ní ọdún 2018, ẹnì kan kọ àyọkà nípa Donna Strickland, onímọ̀ físíìsì ọmọ Kánádà. Wọ́n dá a padà ní oṣù karùn-ún pé orísun rẹ̀ kò tó. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n kéde rẹ̀ pé ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti wà láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú àwọn tó ń wò ni kò dé ibẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Kenya. Ní 2010, ẹgbẹ́ olórin Just a Band gbé fídíò orin wọn “Ha-He” jáde, akọni àròsọ inú rẹ̀, Makmende, sì di ẹni tí gbogbo ọ̀dọ́ Nairobi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ àyọkà nípa rẹ̀ sínú Wikipedia. Wọ́n pa á rẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó rí ẹsẹ̀ dúró. Àwọn tó ń pa á rẹ́ kò gbé Kenya, wọn kò mọ ohun tí orúkọ náà jẹ́ fún àwọn tó dàgbà níbẹ̀. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ohun tí gbogbo Nairobi mọ̀, kí ni ètò kékeré láti Sango fẹ́ rí?

Ìṣòro tó wà nílé wa tún mú un le sí i. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ìwé ìròyìn Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀: Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, tó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1867. Lónìí, àwọn tó ń kọ ìròyìn ní èdè Yorùbá déédéé kò pọ̀. Aláròyé ti ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti 1996. BBC Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2018. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó máa ń wá sí Ọ̀tà bí tírélà bá ṣubú lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, tàbí bí iná bá sọ ní iléeṣẹ́. Wọn kì í sábà wá nítorí pé ọ̀dọ́ kan ń gba ìtàn àwọn àgbà sílẹ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn bá sì kọ nípa ètò bẹ́ẹ̀, àwọn ará Wikipedia tó wà lókèèrè lè máa fura pé owó ló kọ ọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn oníròyìn kan nílẹ̀ wa ń gba àpòòwé. Bí oníwà-ìbàjẹ́ kan ṣe ń ba ẹ̀rí ọgọ́rùn-ún olódodo jẹ́ nìyẹn.

Ohun tí Ọ̀tà fúnra rẹ̀ kọ́ wa

Ìlú yìí ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lórí bí ohun kékeré ṣe ń dé inú ìwé ńlá. Láti àárín àwọn ọdún 1850 lọ, James White, ọmọ Yorùbá láti Sàró, ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) ní Ọ̀tà. Ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀: ọ̀rọ̀ àwọn babaláwo, àríyànjiyàn nípa òrìṣà, ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìlú. Wọ́n kó àwọn ìwé náà pa mọ́, wọ́n sì wà ní Birmingham báyìí. Nígbà tí J. D. Y. Peel, onímọ̀ nípa àwùjọ, ń kọ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àti bí Yorùbá ṣe di Yorùbá, tó jáde ní 2000, ó lọ ka àkọsílẹ̀ White àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi èkíní wé èkejì, ó dán wọn wò. Ọ̀tà ọdún 1850 sí 1880 wá di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ní Tokyo lè kà nípa rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ méjì ló wà nínú ìtàn yìí. White kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí. Ìyẹn nìkan kò tó sọ ọ́ di ẹni tó ní àyọkà. Peel, tí kò bá a tan, tí kò gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ló yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì sọ ohun tó níye lórí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe pọ́díkáàsì ní Sango ń ṣe iṣẹ́ White. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ Peel fún un ni kò tíì sí.

Eré ìbílẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sọ bákan náà. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀tà ti gbẹ́ ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù òkèèrè lónìí. Ní 1983, Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal gbé ìwé wọn lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde. Babátúndé Lawal gbé tirẹ̀ jáde ní 1996. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó tún lè ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò yẹ fún àyọkà. Eré náà ti dàgbà ju gbogbo ìwé wọ̀nyí lọ. Àwọn ìwé náà ló jẹ́ kí ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí ohun tí yóò tọ́ka sí.

Ewì orí rédíò àti ti àwo náà rìn ní ọ̀nà kan náà. Nígbà tí rédíò WNBS (Western Nigeria Broadcasting Service) bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ẹnu rí ọ̀nà tuntun. Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Ọláńrewájú Adépọ̀jù, tó dolóògbé ní 2023, sọ ewì di ohun tí à ń rà ní ọjà. Àwọn olùkọ́ fásitì gbé wọn yẹ̀ wò, akẹ́kọ̀ọ́ kọ àpilẹ̀kọ lé wọn lórí. Gbénga Adébóyè, tó kú ní 2003, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ohun tí a lè tọ́ka sí nípa rẹ̀ lónìí ni ohun tí àwọn mìíràn jókòó kọ.

Ẹ̀rí ẹnu ńkọ́?

Àwọn kan á ní ìlànà yìí kò mọ àṣà wa, nítorí inú ẹnu àgbà ni ìmọ̀ wa wà. Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ Wikimedia tipẹ́. Ní 2011, Achal Prabhala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan ní Íńdíà àti South Africa, wọ́n gba ohùn àwọn ará ìlú sílẹ̀ lórí eré, oúnjẹ àti àṣà, wọ́n sì fi ohùn náà ṣe orísun fún àyọkà. Fíìmù tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ń jẹ́ People are Knowledge.

Mo gbà pé ọ̀nà tó yẹ ká tọ̀ nìyí fún òtítọ́ nípa àṣà. Bí àgbà kan ní Ọ̀tà bá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọdún kan, tí a mọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó sọ ọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́, ẹ̀rí ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Pọ́díkáàsì tó gba ohùn àgbà náà sílẹ̀ lè di orísun fún àyọkà lórí ọdún náà, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ní àyọkà. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ibi tó ti wúlò jù nìyẹn: kí á máa tọ́ka sí i lábẹ́ àyọkà Ọ̀tà, àyọkà Àwórì, àyọkà Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀rí ẹnu lè sọ bí ọdún ṣe rí. Kò lè ti ẹnu olùdásílẹ̀ wá sọ pé ètò olùdásílẹ̀ ṣe pàtàkì.

Wikipedia ti èdè Yorùbá

Èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìlànà tirẹ̀ ní Wikipedia. Ti Yorùbá ní àyọkà tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ẹni tó bá ṣí i láìyan ojú ewé yóò rí i pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn jẹ́ gbólóhùn kan tàbí méjì nípa àwọn òkúta kéékèèké tó ń yí oòrùn po, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní fi èdè Yorùbá wá. A ní àyè fún òkúta ojú ọ̀run. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè fi àìsí àyè ṣe àwáwí fún lílé ètò Sango jáde.

Ohun tí mo rọ àwọn tó ń kọ Wikipedia Yorùbá sí ni pé kí wọ́n lawọ́ lórí irú ẹ̀rí, kí wọ́n má sì lawọ́ rárá lórí òmìnira ẹ̀rí. Kí wọ́n gba Aláròyé. Kí wọ́n gba ètò rédíò tó ní ọjọ́ àti orúkọ. Kí wọ́n gba àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ tí fásitì fọwọ́ sí, kí wọ́n gba ìwé ìtàn ìlú tí ọmọ ìlú tẹ̀ jáde. Ẹni tó wà lókèèrè kò mọ iyì ìwọ̀nyí. Àwa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ni ètò má ṣe jẹ́ ẹlẹ́rìí ara rẹ̀, ní èdè èyíkéyìí.

Ìdájọ́

Bí ẹnì kan bá gbé pọ́díkáàsì Sango wá síwájú mi lónìí, ìbéèrè mẹ́rin ni n ó bi í. Ṣé ó kéré tán ẹni méjì tí kì í ṣe ará ilé, tí wọn kò sì mọ ara wọn, ti kọ nípa rẹ̀? Ṣé wọ́n gbọ́ ètò náà, tí wọ́n sì sọ ibi tó dáa sí àti ibi tó kù sí, àbí wọ́n da ìkéde rẹ̀ kọ ni? Bí a bá yọ gbogbo ohun tí olùdásílẹ̀ sọ kúrò, ṣé ohun tó kù tó kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta? Bí olùdásílẹ̀ bá sì yọ ètò náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́la, ṣé ẹ̀rí yóò ṣì wà níbi tí a ti lè yẹ̀ ẹ́ wò?

Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó ní àyọkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogójì ènìyàn ló ń gbọ́ ọ. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kò tíì yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ló ń gbọ́ ọ. Láàárín méjèèjì, ọ̀nà wà. Bí ìwé ìròyìn kan bá ti kọ nípa rẹ̀, gbólóhùn kan lórí rẹ̀ lè wọ inú àyọkà Ọ̀tà. Wikidata, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, kò le tó Wikipedia, ó sì lè gba orúkọ, ọjọ́ àti èdè ètò náà. Wikimedia Commons lè gba ohùn àgbà tí olùdásílẹ̀ bá yọ̀ǹda lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó má bàa sọnù lọ́jọ́ tí fóònù bá bàjẹ́.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ àwa. Covenant University àti Bells University of Technology wà ní Ọ̀tà. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tó ń wá orí ọ̀rọ̀ fún àpilẹ̀kọ lè gbọ́ ogún ètò láti Sango, kó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí èdè Yorùbá àti sí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́. Akọ̀ròyìn lè fi ojú ewé kan lọ́sẹ̀ yẹ ètò tuntun wò, kó yìn ín bó bá yẹ, kó bá a wí bó bá yẹ. Ẹni tó ń ṣe ètò náà lè kọ ọjọ́, orúkọ àti ibi sára gbogbo ohun tó bá gbà sílẹ̀, kó sì fi ẹ̀dà sí ilé ìkàwé. Bí a bá ṣe èyí, a kò ní máa bẹ àwọn àjèjì pé kí wọ́n gba tiwa wọlé. Ẹ̀rí tí a bá fọwọ́ ara wa kọ ni yóò ṣílẹ̀kùn.